Kí wọ́n má baà ré géèmù yín kọjá lórí Play Store: àwòrán àti ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa fi síbẹ̀

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí ojú ṣe tì mí. Mo ṣe géèmù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọlọ́kadà ló ń gbé èrò láti Takie lọ sí Under G, kòtò á máa pọ̀ sí i, èrò á máa pariwo lẹ́yìn, tí ọ̀kadà bá ti ṣubú ó parí. Mo ṣe é tán, ó wá ku icon, àwòrán kékeré tí èèyàn máa ń tẹ̀ láti ṣí géèmù. Mo bá kó gbogbo nǹkan sínú ẹ̀, ọ̀kadà, èrò, ọjà, igi, òòrùn, orúkọ géèmù náà tún wà níbẹ̀, torí lójú kọ̀ǹpútà mi ó tóbi gbàgàdà ó sì rẹwà. Mo gbé fóònù fún màmá alámàlà tí mo máa ń jẹun lọ́dọ̀ wọn, mo ní "Ẹ wò ó mà, géèmù mi rèé." Wọ́n sún un mọ́jú, wọ́n sún un sẹ́yìn, wọ́n ní "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀fọ́ rírò lèyí?"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ibi tí mo ti ya á fẹ̀ bíi tábìlì, ibi tí èèyàn ti máa rí i ò sì ju ojú ìka lọ, gíláàsì fóònù yẹn lè ti fọ́, ẹni tó mú un dání á sì máa fi àtàǹpàkò yí i lọ láìdúró. Wọ́n máa ń sọ pé ọjà tó dáa ló ń ta ara ẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún gàrí, ní Ọjà Igbó ẹ lè bu díẹ̀ sẹ́nu kẹ́ ẹ tó sanwó, ṣùgbọ́n géèmù yín ò tíì dé ẹnu ẹnikẹ́ni, àwòrán yẹn àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó wà nídìí ẹ̀ nìkan ni wọ́n máa tọ́ wò.

Icon lẹ máa kọ́kọ́ bá jà. Play Store fẹ́ kó jẹ́ 512 sí 512 pixel (ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán), fáìlì PNG, kó má ju 1024KB lọ, ẹ má sì gé igun ẹ̀ fúnra yín o, Google á bá yín gé e. Ẹ mú ohun kan ṣoṣo. Èmi ju ọjà nù, mo ju igi nù, mo ju ọ̀kadà gan-an nù (ó dùn mí, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ya táyà ẹ̀), mo wá fi ojú ọlọ́kadà nìkan sílẹ̀, ó dé hẹ́mẹ́ẹ̀tì, ẹnu ẹ̀ là gbàgà, ó ń ké. Ẹ má kọ orúkọ géèmù sínú icon, orúkọ yẹn ti wà lábẹ́ ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kékeré sì ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ yà á ní 48 pixel ná, tó bá ti ṣe é dá mọ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó wá gbé e tóbi.

Ẹ ti rí àwọn tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ rí àbí? Ibi tí wọ́n bá ha á funfun, ibi tí wọ́n bá fi sílẹ̀ dúdú, ẹ lè dúró sí òdìkejì títì kẹ́ ẹ sì rí ohun tí wọ́n yà sára ẹ̀. Ohun tí icon ń wá náà nìyẹn. Ẹ sọ fóònù yín di dúdú àti funfun nínú settings, tí ọlọ́kadà yín bá rì sínú ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀, a jẹ́ pé àwọ̀ nìkan ló gbé e dúró, kò tíì dáa. Lẹ́yìn náà ẹ jáde sínú òòrùn aago méjì, ẹ dín iná fóònù kù, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyẹn ló pa icon mi kejì.

Tẹ́ ẹ bá máa kọ Yorùbá sára àwòrán èyíkéyìí, ẹ dán font yẹn, ìyẹn irú lẹ́tà tẹ́ ẹ fi kọ ọ́, wò kẹ́ ẹ tó fẹ́ràn ẹ̀ jù. "Ọlọ́kadà" lorúkọ géèmù mi, font tí mo kọ́kọ́ mú, àmì ohùn orí ọ́ fò lọ sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, òmíì gbé àpótí kékeré síbẹ̀. Noto Sans gbé e dáadáa. Ẹ tẹ "ẹ̀ṣọ́" pẹ̀lú "ọ̀ṣẹ́" síbẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó.

Àwòrán gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní feature graphic, 1024 sí 500 ni, ẹ má kó nǹkan pàtàkì sí etí ẹ̀ tàbí àárín gbùngbùn, torí tẹ́ ẹ bá ní fídíò, àárín yẹn ni bọ́tìnnì ẹ̀ máa jókòó sí.

Ibi screenshot, àwòrán inú géèmù fúnra ẹ̀, ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣe àṣìṣe. Èèyàn á fi loading ṣe àkọ́kọ́, á fi menu ṣe ìkejì, ta ni menu wù láti wò? Èyí àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fi han ohun tí ọwọ́ ń ṣe nínú géèmù. Tèmi, táyà iwájú ti wọ kòtò, èrò ti di ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́kadà mú, owó ń já bọ́ lápò. Mẹ́jọ lẹ lè fi sí i fún fóònù, ṣùgbọ́n fún géèmù ẹ rí i pé ẹ ní ó kéré tán mẹ́ta tó jẹ́ 1920 sí 1080 tí géèmù yín bá dùbúlẹ̀, torí Google ń wò ó kó tó gbé géèmù síwájú èèyàn. Ẹ má ya ohun tí kò sí nínú géèmù o. Ẹni tẹ́ ẹ bá tàn jẹ ló máa fún yín ní ìràwọ̀ kan.

Ó wá kan ọ̀rọ̀. Orúkọ, lẹ́tà 30. Àpèjúwe kúkúrú, 80. Èyí tó gùn, 4000, kò sì pọn dandan kẹ́ ẹ lò ó tán. Àkọ́kọ́ tèmi ni "Géèmù tó dùn gan-an, àwòrán ẹ̀ rẹwà, ẹ wá gbádùn ara yín", ẹ sọ fún mi, kí ló dé tí ìyẹn ò lè jẹ́ lúdò? Mo yí i sí "Gbé èrò láti Takie dé Under G, sá fún kòtò, má jẹ́ kí màmá já bọ́." Ọ̀rọ̀ ìṣe ló kún ibẹ̀: gbé, sá, má jẹ́. Ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú 80 yẹn, torí kọ̀ǹpútà lè ka ẹ́ sí méjì, ẹ lọ́tọ̀, àmì orí ẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ má kọ "free" tàbí "best" sínú orúkọ, ẹ má gbé emoji síbẹ̀, òfin Google ò gbà á. Tí géèmù yín bá ń ṣiṣẹ́ láìsí dáta, ìlà kìíní nínú àpèjúwe tó gùn nìyẹn, ẹ̀yin náà mọ bí dáta ṣe rí. Mo tún kọ "olokada" lásán sí i lẹ́ẹ̀kan, torí ta ló ń tẹ àmì ohùn tó bá ń wá nǹkan.

Fún ẹni tó bá ń lọ Steam, ibi tí wọ́n ti ń ta géèmù kọ̀ǹpútà, ẹ yí ọ̀rọ̀ icon yẹn padà: níbẹ̀ orúkọ ló gbọ́dọ̀ hàn. Capsule kékeré, àwòrán tó ń ṣojú géèmù níbẹ̀, jẹ́ 462 sí 174, Steam á tún fún un pọ̀ di 120 sí 45, nítorí náà ẹ jẹ́ kí orúkọ gba ibẹ̀ kún. Láti September 1, 2022, wọn ò gbà kẹ́ ẹ kọ ẹ̀bùn tẹ́ ẹ gbà tàbí ẹ̀dínwó sára ẹ̀. Screenshot márùn-ún ó kéré tán. Itch.io, ibi míì tí wọ́n ti ń gbé géèmù sí, 630 sí 500 ni àwòrán ìbòrí tiẹ̀.

Play Console, ibi tẹ́ ẹ ti ń darí géèmù yín lórí Play Store, lè bá yín fi àwòrán méjì díje, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èèyàn mẹ́wàá ló ń dé ibẹ̀ lọ́sẹ̀, kí lẹ fẹ́ rí nínú ẹ̀? Ẹ lo èèyàn. Ẹ gbé e hàn án fún sẹ́kọ́ńdì méjì, ẹ bò ó, ẹ ní "Kí lo rí?" Ẹ má bi í pé ṣé ó dáa, nílùú wa níbí kò sẹ́ni tó máa sọ pé kò dáa, wọ́n á ní ó dáa o, Ọlọ́run á gbé e ga.

Mo gbé icon tuntun padà sọ́dọ̀ màmá alámàlà. Wọn ò tiẹ̀ gba fóònù, ibi tí wọ́n ti ń ro àmàlà ni wọ́n ti ní "Ọlọ́kadà ni. Ó ti fẹ́ ṣubú." Orí mi wú. Wọ́n wá tún wò ó, wọ́n ní "Ṣùgbọ́n èwo nínú wọn lo rí tó ń dé hẹ́mẹ́ẹ̀tì ní Takie?" Mo bá yọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo dé fìlà fún un, mo gẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.