Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí ẹ bá fẹ́ fi afẹ́fẹ́ tan iná nílé yín l'Ékòó

Ó máa ń dùn mí wọra tí ẹnì kan bá ti ra tọ́báìnì afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ alápá tí afẹ́fẹ́ ń yí kó lè mú iná wá, tán kó tó wá bá àwa tí à ń ṣiṣẹ́ iná. Owó tó yẹ kó fi ra bátìrì gidi ti wọlẹ̀ nìyẹn.

1. Ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára páálí gbọ́. Wáàtì 1,000 tí ẹ rí níbẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń sáré mítà 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n sábà máa ń fi wọ̀n ọ́n. Ní Muṣin tàbí Ṣómólú, yàtọ̀ sí ìjì tó ń ṣíwájú òjò, níbo lẹ ti fẹ́ rí i? Tí eré afẹ́fẹ́ bá dín sí ìdajì, iná máa já sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Tó bá wá di mítà 4, tí ọ̀pọ̀ àdúgbò wa kì í sábà kọjá, ìdá kan nínú 27 ló kù: bíi wáàtì 37. Fáànù oníduró kan ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ! Oníbàárà kan ní Sùúrùlérè bá mi jiyàn títí, ó ní ṣebí ó ń yí. Ó ń yí lóòótọ́. Mo fi míta tó ń wọn iná sí wáyà rẹ̀ níṣojú rẹ̀. Iná tó ń wọ bátìrì kò tó èyí tó ń ṣáájì fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, míta ni kí ẹ máa wò, ẹ yé wo apá tó ń yí.

2. Ẹ má gbé e sórí òrùlé. Táńkì omi àti ilé aládùúgbò á ti da afẹ́fẹ́ rú kó tó débẹ̀, gbígbọ̀n rẹ̀ á sì máa wọ inú ògiri lóru. Ó yẹ kó fi mítà 9 ga ju ohunkóhun tó wà láàárín mítà 150 sí i. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbo nìyẹn?

Ẹ má so ó mọ́ kòǹtírólà sólà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí iná láti pánẹ́ẹ̀lì sólà sí bátìrì. Sólà, tí bátìrì bá kún, ẹ lè já a kúrò, kò sí wàhálà. Tọ́báìnì tí ẹ bá já bẹ́ẹ̀ á máa sá eré àsápajúdé títí apá rẹ̀ á fi fọ́. Ó gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò máa jẹ iná tó ṣẹ́ kù.

Ayálégbé, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù.

Ẹ̀yin ará Lẹ́kí létí òkun, afẹ́fẹ́ tiyín sàn jù, ó sì ń fẹ́ lóru àti lásìkò òjò tí sólà ń rọ. Ṣùgbọ́n iyọ̀ òkun ń jẹ bọ́ọ̀tì àti béárìn, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ẹ tó náwó, ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn eré afẹ́fẹ́, ẹ gbé e sí ibi gíga tí tọ́báìnì máa wà, kó lo ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò níbẹ̀. Tí ìpíndọ́gba eré afẹ́fẹ́ náà kò bá tó mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ ra pánẹ́ẹ̀lì sólà.