Ẹ yé fi òròmọdìẹ ránṣẹ́ bí ẹrù iṣu: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ra ọmọ adìẹ láìfojú rí i

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan pè mí láti gáréèjì Ọ̀jọ́ta, aago mẹ́jọ alẹ́ ti lù. "Ẹ kú alẹ́, mà. Páálí mẹ́ta ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti Ìbàdàn. Mo ṣí ọ̀kan, mi ò gbọ́ kí wọ́n ké." Mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n là nínú ẹyin. Kò mọ̀. Mo ní kí wá ló bèèrè kó tó sanwó. Ó ní òun bèèrè iye owó.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń sin adìẹ nílé mi ní Ìpájà, oṣù kan ò sì lè kọjá kí irú ìpè bẹ́ẹ̀ má wọlé. Owó àjọ ni wọ́n fi ń rà á, owó ìfẹ̀yìntì, owó tí ìyàwó rọra tọ́jú sábẹ́ aṣọ. Mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé adìẹ tàbí bí wọ́n ṣe ń wọn oúnjẹ, ẹ ti mọ ìyẹn. Ibi tí owó yín ti ń ṣòfò ni mo fẹ́ sọ: láti ìgbà tí ẹ bá ti fi owó ránṣẹ́ títí di ìgbà tí ọmọ adìẹ yóò fi mu omi àkọ́kọ́ lọ́wọ́ yín.

Àkọ́kọ́: ẹ ń bèèrè iye, ẹ kì í bèèrè aago. "Ọmọ ọjọ́ kan" tí ẹ ń pè é yìí, ọjọ́ kan ta ni? Ọjọ́ 21 ni ẹyin fi ń wà nínú ẹ̀rọ tó ń sàba lé e, ṣùgbọ́n gbogbo wọn kì í là lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó kọ́kọ́ là lè fi ọjọ́ kan gbáko ṣáájú èyí tó là kẹ́yìn, inú ẹ̀rọ níbẹ̀ ni yóò ti máa dúró de àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó wọn jáde, wọ́n á ṣà wọ́n, wọ́n á gún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn Marek, wọ́n á kà wọ́n sínú páálí ní àádọ́ta àádọ́ta. Kí awakọ̀ tó fọwọ́ kan páálí yín rárá, òmíràn nínú wọn ti lo ọjọ́ kan àtààbọ̀ láyé láìmu omi. Tí ẹni tó ń tà á bá sì jẹ́ ẹni tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ò wá kó tiwọn lánàá, ẹ̀yin tí ẹ wà lórí fóònù ni yóò fi èyí tó kù ránṣẹ́ sí. Ẹ bèèrè ọjọ́ àti aago tí wọ́n kó wọn jáde nínú ẹ̀rọ. Ẹ ní kó ya àwòrán ìwé tí iléeṣẹ́ tó ń sàba lé ẹyin fi kó wọn fún un. Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè yẹn, ẹ má rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan á wá máa sọ fún mi pé, "Mà, ọmọ adìẹ lè lo wákàtí 72 láìjẹ láìmu." Mo mọ ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ. Láti ọdún 1918 ni ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà ti ń gbé òròmọdìẹ, òfin wọn sì ni pé kí ọmọ náà má tíì ju wákàtí 24 lọ nígbà tí wọ́n bá gbé e wá, kó sì dé ọwọ́ ẹni tó rà á kí wákàtí 72 tó pé láti ìgbà tó là. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé bó bá kù díẹ̀ kí ọmọ adìẹ là, ó máa ń fa ìyókù pupa ẹyin sínú ikùn ara rẹ̀, ìyẹn ló ń bọ́ ọ fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òpin ibi tí ẹ̀mí rẹ̀ lè nà dé ni 72 yẹn, kì í ṣe àsìkò tí a fún yín láti fi ṣeré. Pupa ẹyin ń bọ́ ọ, kì í ṣe pé ó ń fún un ní omi tó tó nínú ooru wa yìí. Adìẹ kì í làágùn. Ẹnu ló fi ń mí hẹlẹhẹlẹ kí ara rẹ̀ lè tutù, omi ara rẹ̀ ló sì ń bá èémí yẹn jáde.

Èkejì ni gáréèjì, ibẹ̀ gan-an sì ni inú ti máa ń bí mi jù.

Ọdún 2016 ni mo kọ́kọ́ ra igba ọmọ adìẹ ẹlẹ́yin láti Ìbàdàn, páálí mẹ́rin. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi kó owó yẹn jọ. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n má ṣe ìyọnu, òun á gbé e fún awakọ̀ ní Ìwó Road, kí n kàn lọ dúró ní Berger. Mo jókòó sílé bí ìyàwó tí ń retí ọkọ rẹ̀. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni ọkọ̀ gbéra. Awakọ̀ gbé páálí méjì sórí ìjókòó ẹ̀yìn, ó ki méjì tó kù bọ búùtù pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ata rodo, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Táńkà kan ṣubú ní ọ̀nà márosẹ̀ nítòsí Ìbafò. Láti Mọ́wé títí dé Kara, ọkọ̀ ò rìn, oòrùn sì ń ta sórí búùtù yẹn. Aago méje alẹ́ ni wọ́n tó dé Berger, ó di aago mẹ́sàn-án kí n tó gbé wọn délé.

Mo ṣí páálí àkọ́kọ́ nínú àwọn ti búùtù, èéfín ata àti òórùn ìgbẹ́ tútù ló kọ́kọ́ lù mí. Àwọn tó wà láàyè dúró lórí àwọn tó ti kú. Ẹsẹ̀ wọn gbẹ bí igi ìṣáná. Nínú ọgọ́rùn-ún tó wà nínú búùtù, méjìdínlọ́gọ́ta ni mo kà ní òkú ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, àpapọ̀ gbogbo èyí tó kú di mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Mo jókòó sórí ilẹ̀ ilé ìdáná, mo sunkún. Mo kọ́kọ́ fẹ́ di ẹ̀bi ru awakọ̀, ṣùgbọ́n kí ni awakọ̀ mọ̀? Ẹrù ni wọ́n gbé fún un, ẹrù ló gbé. Èmi ni mo mọ̀ pé ẹ̀mí wà nínú páálí, èmi náà ni mo jókòó sílé.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ kó o fúnra yín. Ẹ sùn sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta mọ́jú, kí ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́ náà kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kí ẹ sì ti kọjá Kara kí oòrùn tó mú. Tí owó mọ́tò bá pọ̀ jù fún ẹnì kan, ẹ̀yin mẹ́rin ní àdúgbò kan náà ẹ dáwó jọ, ẹ gba Siẹ́nà kan. Tí ẹ ò bá lè lọ rárá, ẹ sanwó ìjókòó fún páálí bí ẹni sanwó fún èèyàn, kí ẹnì kan tí ẹ mọ̀ sì jókòó tì í. Páálí ò gbọdọ̀ wọ búùtù, kò gbọdọ̀ sí lórí ẹ́ńjìnnì, wọn ò gbọdọ̀ tò ó léra kí ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dí. Ẹ fi igi pẹlẹbẹ sáàárín páálí kan sí èkejì kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá. Wíńdò ọkọ̀ á wà ní ṣíṣí, ṣùgbọ́n kí atẹ́gùn má fẹ́ lù wọ́n tààrà. Kí ẹnikẹ́ni má da omi sínú páálí pé òun ń ṣàánú wọn: ọmọ tó bá tutù nínú ọkọ̀, kò ní rí ọ̀la. Àwọn aṣojú iléeṣẹ́ wà ní Agége àti Ìkòròdú tó ń lọ kó ọmọ wá ní ìdájí. Tí ẹ bá rà á lọ́wọ́ wọn, ẹ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ tí ọjà dé, kì í ṣe ní ọjọ́ kejì. Ẹ gbé ọmọ méjì mẹ́ta lọ́wọ́, ẹ wo ojú wọn bóyá ó mọ́, ẹ wo ìdodo wọn bóyá ó ti pa dé, ẹ fi ẹ̀yìn wọn lélẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá wọ́n á tètè dìde. Ẹ kà wọ́n níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta: brúdà (ibi tí a ti ń fi iná mú ọmọ adìẹ móoru) tí ò tíì gbóná. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ooru Èkó tó. Kò tó o. Ìwọ̀n 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n ooru Sẹ́síọ́ọ̀sì (Celsius) ni ọmọ adìẹ ń fẹ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Òru Èkó ní àkókò òjò kì í sún mọ́ ọn. Ooru ló ń pa wọ́n nínú ọkọ̀, òtútù ló ń pa wọ́n nílé yín. Kí ẹ tó jáde lọ kó wọn ni kí ẹ ti dáná, kí ìyẹ̀ pákó tó wà nílẹ̀ náà móoru, nítorí àtẹ́lẹsẹ̀ ni òtútù ń bá wọlé. Tí wọ́n bá dé, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀kan kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín: tó bá tutù sí yín, ó tutù sí òun náà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná mọ̀nàmọ́ná. Ẹ tọ́jú ìkòkò èédú, ṣùgbọ́n ìta ni kí ẹ ti fẹ́ ẹ títí yóò fi pọ́n, kí ẹ má sì fi ọ̀rá dí gbogbo ojú ilé pa. Mo mọ ilé kan tí gbogbo ọmọ adìẹ ti kú mọ́jú láìsí àìsàn kankan, afẹ́fẹ́ èédú ló pa wọ́n. Kí ẹ tó sùn, ẹ wò wọ́n: bí wọ́n bá rọ́ jọ síbi iná, òtútù ń mú wọn, bí wọ́n bá sá jìnnà tí wọ́n la ìyẹ́ sílẹ̀, ooru ti pọ̀, bí wọ́n bá fọ́n káàkiri tí wọ́n ń ṣa oúnjẹ, ẹ lọ sùn.

Omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ rí, kí oúnjẹ tó dé. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, pẹ̀lú gúlúkóòsì díẹ̀. Ẹ ti ẹnu wọn bọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ igba. Kí agbada omi má jìn, ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fọwọ́ kan àjẹsí wọn, àpò oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ ọrùn: ó yẹ kó kún, kó sì rọ̀.

Ẹ má tọ́jú páálí náà sílẹ̀ fún ìgbà mìíràn. Ẹ finá sí i.

Ọ̀rọ̀ akọ àti abo náà wà ńlẹ̀. Ìyá kan ní Ẹ̀gbẹ́dá san owó abo fún ọgọ́rùn-ún ọmọ lórí fóònù. Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà ló pè mí wá wò wọ́n, ogbe ti pọ́n lórí wọn, àkùkọ ló kún ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ojú lásán ló fi lè mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n dé: ní irú àwọn ẹlẹ́yin tó pupa bí ISA Brown, abo ni ara rẹ̀ máa ń pọ́n, akọ ni ara rẹ̀ ń funfun tàbí kó ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀. Ní ti àwọn dúdú, akọ ló máa ń ní àmì funfun lórí. Kò ṣí páálí wò níwájú ẹni tó gbé e wá, ó ti sanwó tán.

Àjẹsára àrùn lúkúlúkú (Newcastle) náà ti ń bá wébíìlì wọlé báyìí, nínú ọ̀rá dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì awakọ̀. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìlera ẹranko tó wà ní Vom nítòsí Jos, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti 1924, ń ṣe àjẹsára yìí nílẹ̀ wa níbí, ṣùgbọ́n inú òtútù tó wà láàárín 2 sí 8 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì ló gbọ́dọ̀ wà láti ibẹ̀ dé ẹnu adìẹ yín. Inú fláàsì oníyìnyín ni kí ẹ ti gbé e. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n da kẹ́míkà apakòkòrò sí náà ń pa á, ẹ lo omi kànga tó mọ́. Àrùn náà kì í dúró gbọ́ àlàyé pé ẹ ti fún wọn.

Ẹni tó ń pàṣẹ ọmọ bróílà (adìẹ tí à ń sìn fún ẹran) ní ìparí oṣù Kọkànlá fún Kérésìmesì, ó ti pẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni wọ́n ń gbà, àsìkò yẹn sì ni ọmọ tí ò lágbára máa ń pọ̀ lọ́jà jù, torí gbogbo ayé ló ń wá a.

Ọmọkùnrin Ọ̀jọ́ta yẹn, mo ní kó má padà sílé rẹ̀ ní Badagry lóru yẹn, kó máa gbé wọn bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Iná mi ti wà ní títàn. A jọ ti ẹnu wọn bọ omi títí di aago kan òru, èmi àti òun àti ọmọ mi obìnrin. Nínú àádọ́jọ, a rí ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́rin gbà. Àwọn tó kú, ó fẹ́ kó wọn dà sínú kòtò àgbàrá níwájú ilé, mo gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé la gbẹ́ ilẹ̀ sí, ó jìn dé orúnkún, a da eérú lé wọn lórí kí a tó bò wọ́n.