Crystal Kékeré Tó Ń Mú Agogo Ilé Ìwé Pẹ́

Ẹni tó ta crystal yẹn, ègé kékeré tí agogo fi ń ka àkókò, fún mi l'Ékòó jẹ mí ní àlàyé títí dòní. Ilé ìwé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ló ní kí n ṣe agogo tí yóò máa dá dún bí àsìkò iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ti pé. Mo ṣe é, ó dún, ọ̀gá ilé ìwé bọ̀ mí lọ́wọ́. Nígbà tí oṣù fi máa parí, agogo ti fi bí ìṣẹ́jú mẹ́ta pẹ́, àwọn tíṣà sì ti sọ mí di ẹni yẹ̀yẹ́.

N ò ní sọ bí mo ṣe jó bọ́ọ̀dù rẹ̀. DS1307, chip tó ń ka àkókò, ni mo lò, pẹ̀lú crystal quartz tó yẹ kó máa gbọ̀n ní ìgbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Chip yóò pín in sí méjì lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yóò ku ẹyọ kan péré. Bí crystal bá falẹ̀, irọ́ ni chip á máa kà lọ.

Ọ̀gá ní ooru ni, torí abẹ́ páànù ni àpótí náà wà. Òótọ́ ni pé nǹkan bí 25°C ni irú crystal yìí ń fẹ́. Ooru ni o, òtútù ni o, méjèèjì ló ń mú un falẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣírò rẹ̀: ní 45°C pàápàá, kò ní pàdánù ju ìṣẹ́jú àáyá kan àti díẹ̀ lójúmọ́. Tèmi ń pàdánù ju mẹ́fà lọ! Mo ṣáà gbé e lọ sábẹ́ fáànù ọ́fíìsì rẹ̀ kí àlàáfíà lè wà. Ó ṣì ń falẹ̀.

Wíwọ̀n ló wá fẹ́ pa mí. Ẹ má fi wáyà mítà kan ẹsẹ̀ crystal o: capacitance ara wáyà yẹn (bó ṣe ń gba iná díẹ̀ pamọ́) nìkan tó láti yí frequency, iye ìgbà tí crystal ń gbọ̀n, padà. Ẹsẹ̀ SQW, ibi tí chip ti ń gbé frequency jáde, ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan ní yunifásítì ní frequency counter ní yàrá iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ sí Ìbàdàn. Nígbà tó dé, iná lọ. Nígbà tí iná dé, wọ́n ní ìpàdé. Mo jókòó sí kọ́ridọ̀ bí ẹni tó wá gba gbèsè.

Counter kà 32,765.6. Mo pariwo! Crystal tí wọ́n ṣe fún ẹrù capacitance 6 pF (picofarad) ni wọ́n tà fún mi, bẹ́ẹ̀ 12.5 pF ni DS1307 ń gbé lé e. Ẹrù tó pọ̀ jù ló ń fà á sẹ́yìn. Mo pe oníṣòwò. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, crystal ni crystal ń jẹ́." Mo pa fóònù.

Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn tó fi datasheet, ìwé àlàyé ọjà náà, hàn mí ni mo ti ra 12.5 pF, owó wébíìlì ju owó ọjà lọ. Ó kà 32,767.9, agogo sì gún.

Bó bá jẹ́ lónìí ni, DS3231, chip àkókò mìíràn, ni màá rà tààrà. Crystal wà nínú rẹ̀, ó ń wo ooru fúnra rẹ̀, kì í ṣìnà ju ±2 ppm (ìpín méjì nínú mílíọ̀nù) lọ láàárín 0 sí 40°C, ìyẹn bí ìṣẹ́jú kan lọ́dún. Ó wọ́n díẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn orúkọ rẹ̀ dáadáa: èyí tó ní M kò ní quartz nínú, ±5 ppm ni tirẹ̀, àwọn kan sì ń tà á ní owó èyí tó dáa.