Táńkì ẹja omi iyọ̀ nílùú Ìbàdàn: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí wàhálà tó máa ń kọ́kọ́ yọjú

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akóbọ̀ ni mò ń gbé. Mo ra táńkì lítà 60, mo po iyọ̀ mọ́ omi bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí ẹ̀, mo kó clownfish (ẹja òkun kékeré kan) méjì sí i lọ́jọ́ kejì, kò pé ọ̀sẹ̀ kan táwọn méjèèjì fi kú. Omi yẹn sì mọ́ gaara o. Kín ló pa wọ́n?

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ amóníà ló pa wọ́n. Amóníà ò láwọ̀ tí ojú lè rí, omi lè mọ́ ju píọ̀ wọ́tà lọ kó sì jẹ́ májèlé fún ẹja. Ẹ̀gbin tó ń tara ẹja jáde àti oúnjẹ tí ò jẹ tó ń jẹrà nísàlẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń di amóníà. Nínú òkun, àwọn bakitéríà kan wà tó máa ń sọ amóníà di nitrite, àwọn míì á tún sọ nitrite di nitrate tí kì í tètè ṣe ẹja ní nǹkan. Ara òkúta, iyanrìn àti fílítà làwọn bakitéríà yìí máa ń gbé, táńkì tuntun ò sì tíì ní wọn tó, ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ débi tí wọ́n á lè gbọ́ bùkátà ẹja. Omi iyọ̀ tún wá burú sí i torí pH ẹ̀ (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tàbí bí kò ṣe kan tó) ga, nǹkan bíi 8.1 sí 8.4, bí pH bá ṣe ga tó tí omi sì gbóná tó náà ni oró amóníà ṣe máa le tó.

Torí náà ẹ má tíì ra ẹja míì. Ẹ jẹ́ kí òkúta àti iyanrìn wà níbẹ̀, kí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ máa ju oúnjẹ ẹja bíńtín sí i kó jẹrà, òun làwọn bakitéríà yẹn á fi máa pọ̀ sí i. Ẹ ra test kit tí wọ́n fi ń wọn amóníà, nitrite àti nitrate, kẹ́ ẹ máa wọn omi lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Amóníà á gòkè, á wálẹ̀, nitrite náà á gòkè, òun náà á wálẹ̀. Ìgbà táwọn méjèèjì bá dúró sí síírò tí nitrate sì ti hàn lẹ tó lè ra ẹja, ẹyọ kan péré lákọ̀ọ́kọ́. Mo mọ̀ pé kò rọrùn kéèyàn máa wo táńkì tí ò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ fódindi oṣù kan, tí gbogbo ẹni tó bá wọlé á máa bi yín pé ẹja dà, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á, ẹran abẹ̀mí ni.

Ìbéèrè: Iyọ̀ táńkì yìí wọ́n o. Ṣé mi ò lè lo iyọ̀ ìsebẹ̀ ni? Àbí kí n ní kí ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó bá mi bu omi òkun bọ̀?

Ìdáhùn: Iyọ̀ ìsebẹ̀ ò ṣeé lò rárá. Sodium chloride ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún inú ẹ̀ tán pẹ̀lú áyódìn tí wọ́n fi sí i, omi òkun sì ní magnesium, calcium, potassium àtàwọn nǹkan míì tí ara ẹja òkun nílò. Ti omi Èkó yẹn, àwọn kan ń lò ó, èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀, torí omi ọ̀sà máa ń dà pọ̀ mọ́ ọn lágbègbè yẹn, pàápàá tí òjò bá ń rọ̀, iyọ̀ inú ẹ̀ á já wálẹ̀, ti epo ọkọ̀ àti ìdọ̀tí ìlú ò wá ṣeé sọ. Tó bá tún wá di pé kẹ́ẹ̀gì epo pupa ni wọ́n bù ú sí, ó parí nìyẹn.

Iyọ̀ táńkì yẹn náà ni kẹ́ ẹ rà jàre. Lítà omi kan ń gba nǹkan bíi gíráàmù 35, bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 20 á gba bíi 700. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ ti pò ó, ẹ ki pọ́ǹpù kékeré bọ̀ ọ́ kó máa rò ó mọ́júmọ́, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi refractometer, irinṣẹ́ tó ń wọn bí iyọ̀ inú omi ṣe pọ̀ tó, wò ó bóyá ó ti dé 1.025. Ẹ má da iyọ̀ gbígbẹ lé ẹja lórí láé. Omi tẹ́ ẹ máa lò náà ṣe pàtàkì: kilorín wà nínú omi ẹ̀rọ, omi bọ́hóòlù sì lè ní irin tàbí nitrate nínú. Àwọn kan lára àwọn tó ń ṣe píọ̀ wọ́tà ń lo ẹ̀rọ RO tó ń sẹ́ ohun tó ti yòrò sínú omi kúrò, ẹ bi wọ́n dáadáa, kẹ́ ẹ mú TDS meter tó ń wọn ohun tó yòrò sínú omi dání, tó bá ti sún mọ́ síírò, ẹ bù ú.

Ìbéèrè: Omi táńkì mi ń lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, mo sì ń fi omi iyọ̀ dí i. Refractometer ti wá ń sọ 1.030 báyìí.

Ìdáhùn: Omi nìkan ló ń gbẹ o, iyọ̀ ò lọ síbì kankan. Omi tí ò níyọ̀ ni kẹ́ ẹ máa fi dí i. Ẹ lẹ séló téèpù mọ́ ara gíláàsì níbi tí omi dé lọ́jọ́ tí iyọ̀ bá pé, kẹ́ ẹ máa da omi sí i láràárọ̀ títí á fi kan téèpù yẹn. Ti 1.030 yìí, ẹ bu omi iyọ̀ díẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ fi omi lásán rọ́pò ẹ̀, ẹ jẹ́ kó gba ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin kó tó wálẹ̀ tán, tẹ́ ẹ bá já a wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ara ẹja ò ní gbà á.

Ìbéèrè: Oòrùn Bódìjà yìí ńkọ́? Lọ́sàn-án, tẹmómítà ń sọ 31.

Ìdáhùn: 24 sí 27 lara ń tu ẹja yẹn, oṣù kejì sí ìkẹta ló máa ń le jù fún wa níbí. Ẹ ṣí ìdérí ẹ̀, ẹ na àwọ̀n lé e torí clownfish máa ń fò jáde, kẹ́ ẹ wá dojú fáànù kékeré kọ orí omi, ó lè fà á wálẹ̀ ní ìwọ̀n méjì sí mẹ́ta. Omi á máa yára gbẹ sí i, ẹ má gbàgbé téèpù. Ẹ sì gbé táńkì kúrò níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọlé sí.

Ìbéèrè: Ó pẹ́ tí mo ti ń sin ẹja àrọ̀ l'Ápẹ̀tẹ́, iná lè má wá fọ́jọ́ mẹ́ta, wọn ò kú. Àmọ́ iná lọ lálẹ́ àná, ìgbà tó máa fi di ìdájí, ẹja inú táńkì yìí ti wá sójú omi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá, bọ̀dá. Ẹja àrọ̀ ní ẹ̀yà ara tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè yìí, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i tó máa ń yọ sókè gbẹ̀ẹ́ tó tún ń padà sísàlẹ̀. Ẹja òkun yìí ò ní in. Ọ́síjìn inú omi ló gbẹ́kẹ̀ lé, omi gbígbóná kì í sì í gba ọ́síjìn púpọ̀ dúró, omi iyọ̀ tún kéré sí omi lásán lórí ẹ̀. Tí pọ́ǹpù bá ti kú, ojú omi ò mì mọ́, bakitéríà àti ẹja á jọ máa pín ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù.

Ẹ ra pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ tó ń lo bátìrì, ẹ so ó síbẹ̀ kó tó di pé iná lọ, tàbí kẹ́ ẹ fa pọ́ǹpù táńkì sórí ínfátà, iná tó ń jẹ ò tó nǹkan. Tó bá ká yín mọ́lé tí ẹ ò ní ìkankan, ẹ mú ife, ẹ máa bu omi táńkì kẹ́ ẹ máa dà á padà láti òkè kó máa hó, ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ sinmi, ẹ tún ṣe é. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ nígbà tí ò bá síná. Tí fílítà onígarawa bá ti kú fún wákàtí púpọ̀, ẹ da omi inú ẹ̀ nù kẹ́ ẹ tó tàn án, torí omi yẹn á ti bàjẹ́. Ohun kan tún wà tí mo mọ̀ pé ó máa ṣe yín bíi kẹ́ ẹ ṣe: ẹ má fa omi táńkì yìí gbẹ kẹ́ ẹ wá pọn òmíì sí i bíi ti ẹja àrọ̀. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́sẹ̀ ti tó.

Ìbéèrè: Nǹkan búráùn kan ti bo iyanrìn àti gíláàsì mi, táńkì ò tíì pé oṣù méjì. Ṣé kí n fọ gbogbo ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Diatom nìyẹn, ohun abẹ̀mí tíńtín inú omi, ó wọ́pọ̀ nínú táńkì tuntun, silica inú omi àti iyanrìn ló fi ń ṣe èèpo ara ẹ̀. Ẹ fi kànrìnkàn tí ò tíì kan ọṣẹ rí nu gíláàsì, ẹ fi ìyókù sílẹ̀, á lọ fúnra ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Tí kò bá wá lọ, ẹ gbé TDS meter yẹn, kẹ́ ẹ wọn omi tẹ́ ẹ ń fi dí táńkì.