Orúkọ wo lẹ fẹ́ sọ ọmọ tẹ́ ẹ bí ní Kérésì?

Ẹ má tíì sáré mú orúkọ o, ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó ń wù yín gan-an, ṣé ọdún Kérésì fúnra ẹ̀ ni àbí ìgbà òtútù. Tó bá jẹ́ ti ọdún, Noel dáa fún ọkùnrin, Noelle fún obìnrin, Kérésì náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lédè Faransé, Natalie sì wá látinú ọ̀rọ̀ Látìn fún ọjọ́ ìbí Olúwa. Tọ́mọ bá dé ní December 26, Stephen bá a mu, torí ọjọ́ Stephen Mímọ́ nìyẹn ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.

Èmi o, àwọn orúkọ yìnyín ló wù mí jù, Eira lédè Welsh, Lumi lédè Finland, Neve lédè Ítálì, wọ́n kúrú, wọ́n dùn-ún pè, ẹnu ò sì ní sú èèyàn láti pè wọ́n tí ọdún bá ti kọjá lọ. Holly àti Ivy náà wà, orúkọ ewéko ni wọ́n, ewé wọn kì í rẹ̀ nígbà òtútù.

Tẹ́ ẹ bá ti mú méjì mẹ́ta, ẹ pè wọ́n sókè pẹ̀lú orúkọ bàbá ọmọ, kẹ́ ẹ sì wo lẹ́tà àkọ́kọ́ wọn kó má lọ di ọ̀rọ̀ èébú. Èyí tí Kérésì bá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ṣe orúkọ àárín.