Kọ́rọ́ọ̀mù ló fẹ́ẹ̀ pa á: bí a ṣe kọ àtẹ àṣẹ fún ilé ẹ̀kọ́ wa

Ìdánwò tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún sáà, lẹ́tà kan ṣoṣo láti ọ́fíìsì olórí ilé ẹ̀kọ́ ló gbé e lọ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlá. Àwọn ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì kò tíì parí iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò. Àwọn olùyẹ̀wò tó ń bọ̀ láti ìta ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, ilé ẹ̀kọ́ ló san owó tí wọ́n fi yí ọjọ́ rẹ̀ padà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ìsinmi wọn parí iṣẹ́ tó kù, a sì tún máàkì wọn ṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a béèrè ìdí, wọ́n ní àwọn ti fi tó ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ létí, ìyẹn ìgbìmọ̀ tí aṣojú ẹ̀ka àti ti akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jókòó. Lóòótọ́ ni wọ́n fi tó o létí, lẹ́yìn tí lẹ́tà ti jáde. Ìwé òfin wa sọ pé olórí yóò máa fikùn lukùn pẹ̀lú àwọn olùkọ́. Kò sọ ìgbà tí yóò ṣe é, kò sọ ọ̀nà tí yóò gbà ṣe é, kò sì sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí kò bá ṣe é.

Iṣẹ́ tó já lé mi lọ́wọ́ lẹ́yìn èyí ni láti darí kíkọ àtẹ àṣẹ: ìwé kan tó ń sọ, fún ìpinnu kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń dá àbá, àwọn tí a gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu wọn, ẹni tó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, àti àwọn tí a kàn máa fi tó létí. Bí a ṣe yan àwọn tó kọ ọ́ àti bí a ṣe pín in káàkiri ẹ̀ka, n kò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Ẹni tó bá ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ rí mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ ni ibi tí iṣẹ́ ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ńláńlá nípa àjọṣe àti ìfọkàntán bẹ̀rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìpàdé ọdún méjì sẹ́yìn ni mo kó jọ, mo sì fa gbogbo ìpinnu inú rẹ̀ yọ: kọ́ọ̀sì tuntun, iye akẹ́kọ̀ọ́ tí a ó gbà, kàlẹ́ńdà, ìgbanisíṣẹ́, ìgbéga, ẹjọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ètò ìṣúná, ilé kíkọ́. Nígbà tí a kó àwọn tó jọra pọ̀, ìlà 26 ló kù. Òfin kan ni mo sì dúró lé lórí gidigidi: orúkọ kan ṣoṣo ni yóò wà ní abẹ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ibi tí orúkọ méjì bá ti wà, bí nǹkan bá bàjẹ́, kálukú á nawọ́ sí ẹnì kejì.

Ẹ wo ìlà kàlẹ́ńdà bó ṣe rí báyìí. Ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà ló ń dá àbá. Gbogbo ẹ̀ka ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò àti ti ilé ìkàwé la gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu wọn, wọ́n sì ní ọjọ́ iṣẹ́ 15 láti fèsì. Ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ìgbìmọ̀ alákòóso la máa fi tó létí. Bí pàjáwìrì bá dé, olórí lè yí kàlẹ́ńdà padà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n àyípadà náà á kú lẹ́yìn ọjọ́ 14 bí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ kò bá fọwọ́ sí i. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni inú mi dùn sí jù nínú gbogbo ìwé náà. Kò gba agbára lọ́wọ́ olórí nígbà tí iná bá ń jó, kò sì jẹ́ kí pàjáwìrì di àṣà.

Àwọn kan ní olùkọ́ ń ṣe àṣejù bí wọ́n ṣe fẹ́ ní ohùn nínú ìpinnu. Ọ̀rọ̀ yìí bí mi nínú, nítorí pé nǹkan tí ayé ti ń ṣe tipẹ́ ni. Láti 1918 tí akẹ́kọ̀ọ́ Córdoba ní Ajẹntínà ti dìde ni àwọn fásitì Látìn Amẹ́ríkà ti ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìjókòó nínú ìṣàkóso. Ní 1966, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà àti ẹgbẹ́ méjì tó ń ṣojú fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga àti àwọn ìgbìmọ̀ alákòóso jọ kọ ìwé kan tó sọ pé olùkọ́ ni ojúṣe àkọ́kọ́ wà lọ́rùn rẹ̀ lórí ohun tí a ń kọ́, ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ ọ, àti ìwádìí. Bí alákòóso kò bá ní fara mọ́ ìpinnu wọn, kó jẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. A gba èyí wọlé: olórí tó bá da ìpinnu ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ nù gbọ́dọ̀ kọ ìdí sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 10. Ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin orílẹ̀-èdè ní Jámánì lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ ní 1973: lórí ọ̀rọ̀ ìkọ́ni, ìbò àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kò gbọdọ̀ dín ní ìdajì, lórí ìwádìí, ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì lọ. Nílé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, ọ̀nà tí ìjókòó gbà pín yàtọ̀. Òfin 1988 tó dá ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Chicago fún òbí ní ìjókòó 6, ará àdúgbò 2, olùkọ́ 2, àti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Nítorí náà ẹ má ṣe da ìpín ẹlòmíì kọ. Ẹ wo irú ìpinnu tí ìgbìmọ̀ yín ń ṣe.

Àtẹ ti parí, gbogbo ẹ̀ka ti kà á. Ó ku kí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ dìbò. Ibẹ̀ la há sí.

Ìwé òfin ní ìpàdé kò lè ṣe ìpinnu àfi bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìjókòó bá pé. Ìjókòó wa jẹ́ 48, kọ́rọ́ọ̀mù, ìyẹn iye èèyàn tó gbọ́dọ̀ pé kí ìpàdé tó lè ṣe ìpinnu, sì jẹ́ 32. Ó dà bí ohun tó dára títí ẹ ó fi kà á dáadáa. Ìjókòó 7 ṣófo: ẹlòmíì ti fẹ̀yìn tì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a yàn ti gboyè jáde, kò sì sẹ́ni tó yan arọ́pò. Àwọn 5 wà lẹ́nu ìsinmi ìwádìí. Ẹni 36 péré ló lè wá. Bí ẹni 5 bá dúró sílé, ìpàdé ti tú ká.

Àwọn tí kò fẹ́ àtẹ náà mọ ìṣirò yìí jù wá lọ. Ẹni tó bá wá, tó dìbò pé òun kò gbà, ti bá wa mú kọ́rọ́ọ̀mù pé, ó sì lè pàdánù. Ẹni tó jókòó sílé ti borí láìsọ̀rọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń wá fọwọ́ síwèé, wọ́n á jáde lọ kí ó tó di àkókò ìbò, ẹlòmíì á sì ní kí alága ka èèyàn. Ẹ rántí pé kọ́rọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ pé ní àkókò tí ẹ ń dìbò gan-an, kì í ṣe ìgbà tí ẹ ń gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ nìkan. Bí kò bá pé, ohun tó kù fún yín kò ju kí ẹ dá ọjọ́ mìíràn. Mo rí àwọn olùkọ́ tó fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ tí wọ́n wá jókòó lásán, inú mi bàjẹ́ gidigidi.

Àwọn kan lára wa ní ká fi WhatsApp dìbò. N kò gbà. Ìwé òfin wa kò fàyè gba ìbò lẹ́yìn ìpàdé, ọjọ́ tí àtẹ náà bá kọ́kọ́ dun ẹnì kan, ẹni náà á lọ fagi lé e pẹ̀lú ẹ̀tọ́. Wọ́n tún ní ká dín kọ́rọ́ọ̀mù kù lákọ̀ọ́kọ́. Kọ́rọ́ọ̀mù kan náà la sì nílò láti dín in kù.

Ohun tó tú wa sílẹ̀ ni ìjókòó tó ṣófo. Yíyan arọ́pò kò gba ìbò ìgbìmọ̀. Ẹ̀ka àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń yan aṣojú wọn. Mo kọ lẹ́tà sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi ìlà ìwé òfin tó fún wọn láṣẹ sínú rẹ̀, wọ́n sì yan gbogbo àwọn 7. Báyìí, ẹni 43 ló lè wá, àwọn 11 sì lè má wá kí ìpàdé tó dúró. A gbé ìpàdé sí wákàtí tí ẹnikẹ́ni kò ní kíláàsì, a sì fi ìbò ṣe ohun àkọ́kọ́ lórí ètò ọjọ́ náà. Ẹni 34 wá. Àyípadà òfin ni àtẹ náà, ó sì nílò ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wá, ìyẹn 23. A rí 27. Inú mi dùn débi pé n kò lè fi pamọ́.

Nínú àtẹ tuntun, kọ́rọ́ọ̀mù ni ju ìdajì àwọn tó wà lórí ìjókòó tí wọn kò sì sí lẹ́nu ìsinmi. Bí kò bá pé, a ó tún ìpàdé pè lẹ́yìn ọjọ́ 7 pẹ̀lú ètò kan náà, iye tó bá wá á sì ṣe ìpinnu. Ìjókòó tó bá ṣófo, ọjọ́ 30 ni wọ́n ní láti fi dí i. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe kọ ọ̀rọ̀ ìbò. Bí òfin bá ní “ìdajì gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ lé kan”, nínú 48, ìbò 25 lẹ nílò, ẹni tó bá sì takú tí kò dìbò ti di alátakò. Bó bá jẹ́ “àwọn tó wà níbẹ̀ tí wọ́n dìbò” ni, tí 33 wá, tí 6 kò dìbò, 14 ti tó.

Bí mo bá tún máa ṣe é, ojú ewé kọ́rọ́ọ̀mù ni mo máa kọ́kọ́ ṣí kí n tó kọ ìlà kankan, mo sì máa ní kí wọ́n dín wákàtí ìkọ́ni kù fún àwọn tó ń kọ ìwé, nítorí iṣẹ́ ni.

Ìlà ètò ìṣúná la ṣì ń bá ìgbìmọ̀ alákòóso fà. Ìgbìmọ̀ alákòóso ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí owó, bó sì ṣe yẹ nìyẹn, torí àwọn ni òfin máa bi. Ohun tí a ń béèrè ni kí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ rí àbá ìṣúná ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbò. Wọ́n fẹ́ méjì. N kò ní gba ohun tó bá dín ní mẹ́rin: ẹ̀ka nílò ọ̀sẹ̀ méjì láti ka owó wọn, ọ̀sẹ̀ kan láti kọ èsì, ọ̀sẹ̀ kan fún ìgbìmọ̀ láti jókòó lé e.