Àṣìṣe Tó Ń Ba Ìdánwò Oògùn Platinum Jẹ́ Lára Eku Tó Ní Jẹjẹrẹ Ọmú

Ẹ má fi DMSO, omi kẹ́míkà tí wọ́n fi ń yọ́ oògùn, po cisplatin, oògùn jẹjẹrẹ tó ní platinum nínú. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá yín dé, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdánwò ti ń bàjẹ́ kí abẹ́rẹ́ tó kan ara eku rárá. Cisplatin kì í fẹ́ yòrò nínú omi, àmọ́ DMSO máa ń yọ́ ọ wẹ́rẹ́, ìyẹn ló fi ń wu èèyàn lò. Ṣùgbọ́n chloride méjì ló so mọ́ platinum inú oògùn yìí. DMSO á lé chloride kúrò, á sì gba ipò rẹ̀. Ohun tó kù nínú ìgò kì í ṣe cisplatin mọ́. Kókó ọmú á máa tóbi lọ, wọn á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé oògùn kò ran jẹjẹrẹ náà. Ó máa ń dùn mí, torí ẹran ọ̀sìn ti kú sórí èsì tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Omi iyọ̀ 0.9% ni kí ẹ lò; chloride inú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ti oògùn tú. Ẹ má gbé e sí fíríìjì, yóò ṣẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tó ní aluminium fà á. Oxaliplatin, oògùn platinum mìíràn, ńkọ́? Òdìkejì ni: omi iyọ̀ gan-an ló ń ba tirẹ̀ jẹ́, omi glucose 5% ló bá a mu.

Ẹ wádìí sẹ́ẹ̀lì yín pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń pe sẹ́ẹ̀lì kan tó ń jẹ́ MDA-MB-435 ní jẹjẹrẹ ọmú, kí àyẹ̀wò tó fi hàn pé melanoma, ìyẹn jẹjẹrẹ awọ ara, ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni kókó tí BRCA1 rẹ̀, ìyẹn àbùdá (gene) tó ń ran àtúnṣe DNA lọ́wọ́, ti bàjẹ́ kì í lè tún DNA tí platinum bá dè ṣe dáadáa. Ẹ má torí pé ó súnkì wéré kéde pé gbogbo jẹjẹrẹ ọmú ni yóò gbọ́ oògùn.

Ẹni tó ń wọn kókó kò gbọdọ̀ mọ eku tó gba oògùn. Bí ẹ ó ṣe ṣírò ìwọ̀n kókó rèé: gígùn, ẹ fi ìbú lọ́nà méjì sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ pín in sí 2: bí ọwọ́ bá fi 10% lé ìbú nìkan, ìwọ̀n kókó á fi 21% ga.

Cisplatin ń ba kíndìnrín jẹ́, kì í sì í jẹ́ kí eku jẹun. Ebi nìkan lè mú kí kókó má dàgbà, nítorí náà ẹ máa wọn eku fúnra rẹ̀ déédéé. Kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti kọ ìwọ̀n ara eku tí ẹ ó dáwọ́ dúró sí sílẹ̀, kí ẹ má ṣe sún un síwájú nígbà tí eku bá ti ń rù.